Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Òṣìṣẹ́ àti Iná Oòrùn Inú Ilé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì fi ń parí. Ṣùgbọ́n owó oṣù kì í ṣe iye tí a kọ sínú ìwé ìsanwó nìkan. Ohun tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn tí a bá ti san owó ilé, owó ọkọ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó iná, ìyẹn gan-an ni owó oṣù. Nínú gbogbo ìnáwó wọ̀nyí, owó iná ni ó ń jẹ òṣìṣẹ́ láìpariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń san án, lítà kan lónìí, káàdì mítà lọ́la, a kì í sì í jókòó kà á pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 2024, òfin fi ₦70,000 lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Bí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré inú ilé kan bá ń mu lítà bẹntiróòlù méjì lálẹ́, lítà 60 ni yóò mu láàárín oṣù kan. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, owó epo nìkan di ₦54,000. Ohun tí ó kù fún oúnjẹ, fún oògùn, fún ilé àti fún ọmọ kò ju ₦16,000 lọ. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ ń gba ìlọ́po méjì iye yìí ń sọ ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ di èéfín.

A kò dédé bá ara wa níbí. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti kọjá ₦480. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 yìí kan náà ni NERC, àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná àwọn tí a pè ní Band A, àwọn tí a ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò sì tilẹ̀ rí iná náà kí wọ́n tó rí ìwé owó rẹ̀. Báǹkì Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé mílíọ̀nù 85 ọmọ Nàìjíríà ni iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí tí í ṣe 43 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, gbígbé láìgbójúlé wáyà ìjọba kì í ṣe àṣà tuntun tí a kó wá láti òkèèrè. Bí ìdajì orílẹ̀-èdè yìí ti ń gbé nìyẹn, pẹ̀lú àtùpà, tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ amúnáwá. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni bóyá òṣìṣẹ́ lè gbé bẹ́ẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀, ní àlàáfíà, kí owó oṣù rẹ̀ sì kù sí i lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sólà, iná tí a fi oòrùn ṣe lórí òrùlé ẹni, ni ọ̀pọ̀ fi ń dáhùn. Àwọn tí ń tà á ń polówó rẹ̀ bí ẹni pé rírà nìkan ni ó kù.

Èrò tiwa ni pé sólà lè gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ epo, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Èkíní, kí á dín iná tí à ń lò kù kí á tó ra ohunkóhun. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a rà. Ẹni tí ó bá fo méjèèjì wọ̀nyí, gbèsè tuntun ni yóò rà, kì í ṣe iná.

KÍ Á KA INÁ KÍ Á TÓ RA INÁ

Lára gbogbo ohun èlò tí ń lo iná ni a kọ iye wáàtì rẹ̀ sí, yálà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Wáàtì ni ó ń sọ bí ohun èlò náà ti ń fa iná tó. Bí a bá fi iye wákàtí tí a ń lò ó lóòjọ́ sọ iye wáàtì yìí di púpọ̀, a ó mọ iye iná tí ó ń jẹ lóòjọ́. Wáàtì-wákàtí ni orúkọ òṣùwọ̀n náà. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni kílówáàtì-wákàtí kan, èyí tí mítà ara ògiri ń kà.

Ẹ fi ojú inú wo ilé olùkọ́ kan tí ó ní yàrá méjì àti pálọ̀. Gílóòbù àtijọ́ márùn-ún ni ó ń tàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wáàtì 60, fún wákàtí márùn-ún lálẹ́: 1,500. Fáànù àjà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wáàtì 75, fún wákàtí mẹ́jọ: 1,200. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbọọrọ, wáàtì 100, fún wákàtí mẹ́rin: 400. Rédíò wáàtì 10 fún wákàtí márùn-ún: 50. Fóònù mẹ́ta tí a gba iná sí: 45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 3,195 lójúmọ́.

Nísinsìnyí, kí olùkọ́ yìí kan náà, nínú ilé yìí kan náà, fi gílóòbù LED oníwáàtì 9 rọ́pò ti àtijọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ wáàtì 9 ti LED kò yàtọ̀ sí ti wáàtì 60 àtijọ́: 225. Kí ó fi fáànù méjì tí ń lo iná bátìrì tààrà, oníwáàtì 20, rọ́pò ti àjà: 320. Kí ó ní tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ oníwáàtì 40: 160. Rédíò àti fóònù kò yí padà: 95. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800. Ìmọ́lẹ̀ kò dín, atẹ́gùn ń fẹ́, ìròyìn ń wọlé, ṣùgbọ́n iná tí ilé ń jẹ ti di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìṣirò yìí ni pé ilé àkọ́kọ́ nílò nǹkan bíi pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 300 mẹ́rin, ilé kejì sì nílò ẹyọ kan ṣoṣo. Bátìrì náà yóò dín bẹ́ẹ̀, ínfátà yóò dín bẹ́ẹ̀, gbèsè yóò sì dín bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò bá wọn eku rẹ̀, olùtajà ni yóò bá a wọn ìtẹ́ náà, kò sì sí olùtajà tí í wọn ìtẹ́ kéré.

OORU NI Ó Ń JẸ INÁ JÙ

Ohun tí ń mú nǹkan gbóná ni ó ń jẹ iná ju ohun gbogbo lọ. Áyọ́ọ̀nù a máa fa wáàtì 1,000. Ìkòkò iná tí a fi ń se omi tíì lè fa 2,000. Sítóòfù oníná àti ẹ̀rọ tí ń mú omi ìwẹ̀ gbóná kò kẹ̀rẹ̀. Bí áyọ́ọ̀nù bá fa iná rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ ju ohun tí gbogbo ilé olùkọ́ wa nílò fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé nínú iná oòrùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ooru kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Kí ó fi gáàsì dáná, tàbí ààrò tí kì í fi igi ṣòfò. Kí ó máa lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí iná ńlá bá wà, tàbí kí ó lo áyọ́ọ̀nù eléèédú tí àwọn ìyá wa lò.

Oòrùn fúnra rẹ̀ sì lè mú omi gbóná láìgba inú wáyà kọjá. Ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger tí í ṣe aládùúgbò wa, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì Abdou Moumouni Dioffo darí ONERSOL, ilé-iṣẹ́ ìwádìí agbára oòrùn, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Yunifásítì ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ìmọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí ó ti wà lẹ́bàá ilé wa. Ní Sókótó pẹ̀lú, láti ọdún 1982 ni a ti dá ilé ìwádìí agbára sílẹ̀.

Ìtutù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, fi ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ, ó kó yanrìn sí àárín méjèèjì, ó da omi sí yanrìn náà, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi yanrìn ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ooru inú ìkòkò lọ. Ikàn tí yóò ti bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 27. Ní ọdún 2000 ni ó gba ẹ̀bùn Rolex fún iṣẹ́ yìí. Ìkòkò rẹ̀ kò ní wáyà, kò ní bátìrì, amọ̀kòkò ìlú ni ó sì ń mọ ọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Kánò, Kàtsínà, Màídúgùrì àti Sókótó lè jàǹfààní rẹ̀ dáadáa, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Kí àwọn tí ó wà ní Èkó, Warri àti Port Harcourt mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tiwọn tutù jù fún un. Kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Fún wọn, fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn, igi tí ó ṣíji bo ògiri ìwọ̀-oòrùn, àti òrùlé tí a fi ọ̀dà funfun kùn ni yóò dín iṣẹ́ fáànù kù.

PÁNẸ́Ẹ̀LÌ, BÁTÌRÌ ÀTI ÀSÌKÒ

Oòrùn kò pọ̀ bákan náà níbi gbogbo ní Nàìjíríà. Ní etíkun, ohun tí à ń rí lójúmọ́ kò ju bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ oòrùn kíkún lọ bí a bá pín in dọ́gba. Ní òpin àríwá ó sún mọ́ wákàtí méje. Bí a bá mú wákàtí mẹ́rin, tí a sì yọ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kúrò fún eruku, ooru, wáyà àti bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 300 yóò fún ni ní nǹkan bíi 840 lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan fi tó ilé olùkọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje àti ìkẹjọ, nígbà tí òjò bá ṣú bo gúúsù, wákàtí mẹ́rin lè di mẹ́ta, 840 a sì di 630. Nígbà náà ni fáànù kan yóò sinmi, tàbí kí tẹlifíṣọ̀n tètè sùn. Ní àríwá, eruku ọyẹ́ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Aṣọ tútù àti omi mímọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni oògùn rẹ̀.

Kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, kí òjìji igi tàbí táńkì omi má sì ṣe bọ́ sí i lórí. Òjìji kékeré tí ó bo igun kan lè gba ohun tí ó pọ̀ nínú agbára pánẹ́ẹ̀lì odindi.

Bátìrì ni ọkàn gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni ó kọ́kọ́ ń kú. Bátìrì olójé, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ ọkọ̀ àti ínfátà, kò fẹ́ kí á lò ju ìdajì ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ kí á tó tún un gba iná. Fún wáàtì-wákàtí 800, a nílò èyí tí ó gba 1,600 ó kéré tán, ìyẹn ni oní-12 fóòtì, 150 áńpíà. Bátìrì lítíọ́mù, irú tí à ń pè ní LiFePO4, ń gbà kí á lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Oní-100 áńpíà tó fún ilé yìí. Owó rẹ̀ ga ní ọjọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ ju ti olójé lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tí ó bá wo owó ọjọ́ kan ṣoṣo yóò ra olójé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí á fi kún un pé òfin kò lòdì sí ẹni tí ń ṣe iná fún ara rẹ̀. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 kò béèrè ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí iná tí ó ń ṣe lójú kan kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ. Pánẹ́ẹ̀lì ilé wa kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìgbé ayé náà yóò yí padà díẹ̀. Ẹni tí ń gbé nínú iná oòrùn a máa fi ọ̀sán ṣe iṣẹ́ tí ó ń jẹ iná, a sì máa fi òru sinmi. Fóònù àti àtùpà a máa gba iná ní ọ̀sán, omi a máa gun orí táńkì nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Gbogbo ará ilé, títí dé ọmọdé, ni yóò mọ bí a ti ń wo ojú bátìrì kí a tó tan nǹkan. Èyí kì í ṣe ìyà. Bí ìyàwó ilé ti ń wo ìkòkò omi kí ó tó fọ aṣọ ni.

KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ ṢE DÁ A RÀ

Òṣìṣẹ́ tí ó dá lọ sí ọjà sólà, ẹran àpatà ni. Pánẹ́ẹ̀lì wà tí a kọ 300 sí lẹ́yìn tí kò lè ṣe 200. Bátìrì àlòkù wà tí a tún kùn kí ó lè dà bí tuntun. Ìlérí ọdún márùn-ún wà tí kò sí lórí ìwé kankan. Ẹni kan kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi dán an wò, kò ní agbára láti dá a padà. Ogójì ènìyàn tí wọ́n jọ fẹ́ rà ní ọjọ́ kan ní agbára méjèèjì.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh. Láti ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ ayánilówó ìjọba tí a ń pè ní IDCOL ń gba ọwọ́ àwọn àjọ bíi Grameen Shakti, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, fi sólà sí ilé àwọn ará oko tí wáyà ìjọba kò dé. Ilé tí ó gbà á ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Púpọ̀ nínú pánẹ́ẹ̀lì náà kò tó wáàtì 100: iná díẹ̀, fóònù, rédíò, tẹlifíṣọ̀n kékeré. Wọ́n san án díẹ̀díẹ̀, oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà nítòsí. Ohun tí ó gbé ètò yìí ró ni pé ilé wọ́n iná rẹ̀ kéré, àjọ rà á pọ̀, ẹni tí ó tà á sì ń padà wá wò ó. Kí á sọ èkejì rẹ̀ pẹ̀lú: nígbà tí wáyà ìjọba dé ọ̀pọ̀ abúlé wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn dáwọ́ sísan dúró, gbèsè náà sì wúwo lọ́rùn àwọn àjọ. Nítorí náà, kí gbèsè òṣìṣẹ́ kúrú, kí ó sì kéré.

Nílé wa níhìn-ín, ọdún 2018 ni a ṣí ilé iná oòrùn oní-kílówáàtì 85 ní Gbamu Gbamu, abúlé àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wáyà kan náà ni ó lọ sí ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìlọta, olúkúlùkù sì ń san iye tí ó bá lò. Abúlé tí a pa tì ni ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ohun tí abúlé lè ṣe, ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwa ti ní ètò: a ní ìwé orúkọ, a ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, a sì ní ọ̀nà láti yọ owó ní orísun.

A dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ohun mẹ́rin yìí yẹ̀ wò. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n iná ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí á sì yá a ní owó gílóòbù àti fáànù kí á tó yá a ní owó pánẹ́ẹ̀lì. Kí á rà á pọ̀, kí á fi mítà dán pánẹ́ẹ̀lì mélòó kan wò nínú oòrùn kí á tó sanwó, kí ìlérí olùtajà sì wà lórí ìwé tí ó fọwọ́ sí. Kí iye tí a ó máa yọ lóṣù má ṣe kọjá iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ń ná sórí epo tẹ́lẹ̀. Kí á rán ó kéré tán ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe, kí ọ̀rọ̀ wa má bàa wà lọ́wọ́ àlejò títí láé.

Ẹ̀MÍ JU INÁ LỌ

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa ìdílé tí ó sùn pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́nu ọ̀nà tí kò sì jí. Èéfín olóró inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Oorun ni a fi ń kú. Èyí nìkan tó láti mú kí á wá ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n sólà náà ní ewu tirẹ̀. Wáyà tí kò nípọn tó a máa gbóná títí yóò fi gbiná. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, àti láàárín bátìrì àti ínfátà. Bátìrì olójé a máa tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná; kí á má ṣe tì í mọ́ yàrá tí a ń sùn.

Bátìrì tí ó kú ni ewu tí ó fara sin jù. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀bá Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì àlòkù láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Òjé náà wọ inú ilẹ̀ àti eruku àdúgbò. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Bí a bá ń ra bátìrì pọ̀, kí á máa dá òkú rẹ̀ padà pọ̀ fún ẹni tí ó tà á, kí á sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ọjọ́ ìrà.

Àwọn tí ń gun òrùlé láti kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n bíi tiwa. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, láìsí bẹ́líìtì ìdáàbòbò, láìsí ìwé ìgbanisíṣẹ́. A kò gbọdọ̀ ra ìmọ́lẹ̀ ilé wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn wọn. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá dáàbò bo oníṣẹ́ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ wa má ṣe rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni kí á sì pè wọ inú ẹgbẹ́.

ÌJỌBA ŃKỌ́?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ń béèrè pé bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe iná fún ara rẹ̀, ṣé kò ti dá ìjọba láre? Ìbéèrè pàtàkì ni. A ti ń gbẹ́ kànga fún ara wa, a ti ń sanwó ọdẹ fún ara wa, a ti ń tún ọ̀nà àdúgbò wa ṣe. Bí iná náà bá wá di ti olúkúlùkù, kí ni ó kù tí ìjọba ń ṣe?

Ìdáhùn wa ni pé pánẹ́ẹ̀lì lè tan yàrá, kò lè tan orílẹ̀-èdè. Kò lè da ọwọ́ ìhunṣọ Kàdúná padà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007 tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì padà sílé, tí ọ̀wọ́n epo àti iná sì wà lára ìdí rẹ̀. Ilé ìyọ́rin, ilé-ìwòsàn ńlá àti ọkọ̀ ojú irin nílò wáyà tí ó so orílẹ̀-èdè pọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí a ti fa ilé-iṣẹ́ apínná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, wáyà náà kò tíì sinmi ìdákú. Ní ọdún 2024 nìkan, ó dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá wa. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ pé títà náà kò ní mú iná wá.

Nítorí náà, ìjà wa kò yí padà. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2024, NLC àti TUC yí ọ́fíìsì NERC àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ apínná ká nítorí ₦225 yẹn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, nígbà tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbò bẹ̀rẹ̀, owó iná wà lára ohun tí a tìtorí rẹ̀ jáde. Ẹ wo ohun tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ ti jóná nínú ẹ̀rọ amúnáwá kò lè fara da ọ̀sẹ̀ kan láìgba owó. Ẹni tí iná ilé rẹ̀ ti wà lórí òrùlé, tí gbèsè rẹ̀ kéré, tí ₦54,000 oṣù rẹ̀ ti padà sí àpò rẹ̀, lè dúró pẹ́ nínú ìjà. Ìdẹ̀ra ilé kì í gba ìjà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Òun ni ó ń fún un lágbára láti jà á.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ oṣù yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ káàkiri ilé yín, ẹ ka wáàtì, ẹ ka wákàtí, ẹ sì kọ àpapọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹ̀ka yín tí ń bọ̀, kí akọ̀wé kà á pọ̀. Láti orí ìwé yẹn ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó rà, àti ohun tí kò yẹ kí ó rà rárá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.